Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé ní Mímòòkùn Pẹ̀lú Sílíńdà Afẹ́fẹ́

Ọmọ tó bá dàgbà sí etí ọ̀sà ní Ìkòròdú á ti rí àwọn tó ń wa yanrìn. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sé èémí, wọ́n á mòòkùn lọ bu yanrìn sínú garawa nísàlẹ̀ omi. Iṣẹ́ alágbára ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ́ fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn, sísé èémí yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé. Ẹni tó bá ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lábẹ́ omi kì í sé èémí rárá.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ní mítà 10 sísàlẹ̀ òkun, ipá tó ń tẹ ara ti di ìlọ́po méjì ti òkè omi. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn bá mí sínú níbẹ̀ á fẹ̀ di ìlọ́po méjì kó tó yọrí síta. Bó bá ń mí wọlé, tó ń mí jáde bó ṣe yẹ, kò séwu. Bó bá sé e mọ́nú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fà ya, kódà nínú púùlù lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí. Àjọ PADI, tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, gbà kí ọmọ ọdún 8 tọ́ ọ wò nínú omi tí kò ju mítà 2 lọ. Ọmọ ọdún 10 ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12, òbí tó ti gbàwé ẹ̀rí tàbí olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ orí nìkan ò tó. Ọmọ tí kì í gbọ́ràn sẹ́nu lórí ilẹ̀ kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń mú lọ sísàlẹ̀ omi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó mọ̀wẹ̀ dáadáa: kó lè wẹ 200 mítà, kó sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má sọ pé ọmọ etí omi ni, kò sóhun tó máa ṣe é. Òmùwẹ̀ ní ń bódò lọ. Ẹ mú un lọ rí dókítà pẹ̀lú, pàápàá bó bá ní ikọ́ fée, wárápá tàbí etí tó ń ṣọyún. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é, kó dúró nílé.

Inú púùlù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ọ̀sà. Ọ̀sà wa ò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ṣókùnkùn, ọkọ̀ sì ń kọjá lórí rẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ máa rí ojú ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí olùkọ́ náà, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì àjọ tó fún un.

Awò omi tó bo imú ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó bo ojú nìkan. Ẹ gbé e lé ojú ọmọ láìfa okùn rẹ̀ sẹ́yìn orí, kẹ́ ẹ ní kó fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ó bá a mu.

Ìdí tí imú fi gbọ́dọ̀ wà nínú awò ni etí. Bí ọmọ bá ń lọ sísàlẹ̀, omi á máa tẹ etí rẹ̀. Kó fún imú pa, kó rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀, títí etí á fi là. Kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni kó ti ṣe é, kó sì máa ṣe é léraléra. Ihò tó so ọ̀fun mọ́ etí kéré lára ọmọdé, nítorí náà ẹ má kán an lójú. Bí etí bá kọ̀ tí ò là, kó padà sókè díẹ̀ kó tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ fipá fẹ́ ẹ.

Ẹ kọ́ ọ ní àmì ọwọ́ kó tó wọmi. Àtàńpàkò tó nà sókè, tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí "ó dáa", ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi ni "ẹ jẹ́ ká gòkè". Bó bá fẹ́ sọ pé kò síṣòro, kó fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òbìrìkìtì.

Ìgbàkígbà tí ẹnu ẹ̀rọ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá kúrò lẹ́nu rẹ̀, kó máa tú afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, kí omi máa hó bùlùbùlù níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é títí á fi mọ́ ọn lára. Ara ọmọ tètè ń tutù, bó bá ti ń gbọ̀n, ẹ mú un jáde.

Bí ọmọ bá ní òun ò ṣe mọ́, kódà lẹ́nu àkàbà púùlù, ẹ má ní kó ṣe ọkàn akin. Ẹ̀rù máa ń mú kéèyàn sé èémí. Bó bá sì jáde, tí etí ń dùn ún tàbí àyà ń ro ó, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ó fi sílíńdà mòòkùn.