Mo jàre ẹjọ́ ní 2018, ẹ̀sùn náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní 2024: bí mo ṣe tún àkọsílẹ̀ mi ṣe

Oṣù márùn-ún àti ₦212,000 ni ó ná mi láti fi hàn pé n kò jalè, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé inú ṣì ń bí mi, àti nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà káàkiri Èkìtì níbí tí wọ́n jàre ẹjọ́, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí wọ́n sì lọ sílé láìmọ̀ pé ìwé tí yóò gbèjà wọn lọ́jọ́ iwájú ṣì wà nínú yàrá fáìlì kan.

Ní 2017, mo ń bá oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní Adó-Èkìtì. Sìmẹ́ǹtì dín, wọ́n sì mú mi. Wọ́n tẹ ìka mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù májísíréètì, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sì gbé e jáde lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ mi, ọjọ́ orí mi àti iye àpò tí wọ́n ní mo jí. Oṣù mẹ́rìnlá ni a fi lọ tí a fi bọ̀. Nígbà tí ẹlẹ́rìí wọn kejì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni ilé ìkẹ́rùsí náà ní, àti pé èkejì kò fìgbà kankan sí lọ́wọ́ mi, ibi tí ẹjọ́ náà ń lọ ti hàn. Adájọ́ dá mi sílẹ̀, ó sì dá mi láre. Kò sí akọ̀ròyìn kankan ní kóòtù lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ kan gbà mí sí iṣẹ́ alábòójútó ẹrù. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n sì tún ní kí àwọn kan tó ń bá agbanisíṣẹ́ wádìí ìtàn ẹni yẹ̀ mí wò. Ìròyìn 2017 ni àwọn olùwádìí náà kọ́kọ́ bá pàdé. Ní ti ìka mi, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kan wà lórí rẹ̀ tí kò ní òpin. Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà tí wọ́n fi gba iṣẹ́ náà padà.

Abala 36(5) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a ó fi rí ẹ̀bi rẹ̀. Abala 16 nínú ACJA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sì pa á láṣẹ pé kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ fi ìdájọ́ gbogbo ẹjọ́ ọ̀daràn ránṣẹ́ sí ibi ìkó-àkọsílẹ̀ àpapọ̀ wọn láàárín 30 ọjọ́. Ìka mi dé ibẹ̀. Ìdájọ́ mi kò dé ibẹ̀ títí ọdún mẹ́fà fi kọjá. Ohun tó dùn mí jù lọ nìyẹn: ọ̀nà tí ẹ̀sùn gbà lọ ṣí sílẹ̀, ọ̀nà tí àre yóò gbà tẹ̀ lé e kò sì ní olùtọ́jú.

Ìpayà ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé òun mọ ẹni tí yóò pa orúkọ mi rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gba ₦60,000 lọ́wọ́ mi. N kò rí i mọ́ títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún irú wọn ní kọ́bọ̀. Kì í ṣe pé kí a nu ẹ̀sùn náà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni a ń wá; a ń wá kí òpin ẹjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbikíbi tí ìbẹ̀rẹ̀ náà bá wà. Ìdájọ́ nìkan ló lè ṣe èyí, ìyẹn ẹ̀dà rẹ̀ tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní CTC.

Níbi ẹ̀dà yìí gan-an ni mo ti jìyà. N kò ní dárúkọ kóòtù náà. Màmá tó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́ gbà mí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ kọ́ la fi ń wá fáìlì níbí o. Nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ dà?” N kò mọ nọ́ńbà kankan. Lọ́yà tó bá mi ṣe ẹjọ́ náà ti kó lọ sí Àbújá, kò sì rí ìwé rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́ ló rántí ìwé béèlì. Inú agolo Bournvita àtijọ́ tí wọ́n ń kó rìsíìtì sí ni ó wà, a ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí a ti ká a sì ti gbó dé orí nọ́ńbà gan-an, tó fi jẹ́ pé a kò mọ̀ bóyá 3 ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn tàbí 8. Mo gbé e sójú oòrùn, mo yí i síwá sẹ́yìn, kò yé mi. Nọ́ńbà méjèèjì ni a ní láti wá.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo lọ kí a tó rí fáìlì náà. Ọjọ́ kan, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kò wá. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn fáìlì 2017 ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, òjò sì ti wọ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Nígbà tí a rí i, ọwọ́ ni adájọ́ fi kọ ìdájọ́ náà, adájọ́ ti lọ sí ìlú mìíràn, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé sì wà ní ìsinmi ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fún mi ní ojú ewé méjì tí a tẹ̀. Mo ti jáde dé ẹnu ọ̀nà kí n tó kà á parí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kó wà níparí rẹ̀ ni “discharged and acquitted”. “Discharged” nìkan ni wọ́n tẹ̀.

Mo padà wọlé. Akọ̀wé náà ní ìkan náà ni àwọn méjèèjì. Wọn kì í ṣe ìkan náà! Nínú èdè wa pàápàá, ẹni tí a dá sílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí a kàn tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a dá láre ni ẹni tí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tí a kò rí ẹ̀bi. Òfin náà yà wọ́n sọ́tọ̀: lábẹ́ abala 108 nínú ACJA, bí olùpẹ̀jọ́ bá fa ọwọ́ ẹjọ́ sẹ́yìn kí a tó pe olùjẹ́jọ́ láti wí tẹnu rẹ̀, a ó kàn dá a sílẹ̀ ni, wọ́n sì lè tún gbé e wá, bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni, a ó dá a láre. Ẹni tó bá ń wádìí mi fún agbanisíṣẹ́ yóò rí “discharged”, yóò sì rò pé ẹjọ́ náà kàn sùn ni. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ ṣí ìwé adájọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà búlúù, adájọ́ sì fa ìlà sábẹ́ wọn.

Wọ́n tún un tẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, ọ̀gá kan níbẹ̀ sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé òun kò lè lò ó, torí pé òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n lù sí i, kò sí orúkọ, kò sí ipò, kò sí ọjọ́. Mo jókòó sórí òkúta kan níta, ojú mi sì pọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ka òfin fúnra mi, mo sì ń yangàn nípa rẹ̀ di òní. Abala 36(7) nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tí a ṣẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹjọ́ parí. Abala 104 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn tó bá san owó tí òfin là sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ, ipò àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo dà wọ́n kọ sínú lẹ́tà kan, mo kí ọ̀gá àgbà akọ̀wé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó fi lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, ẹ̀dà mẹ́fà tó pé ti wà lọ́wọ́ mi.

Èyí tó kù kò le. Mo kọ lẹ́tà sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹ̀dà ìdájọ́, mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi ìkó-àkọsílẹ̀ ní Alágbọn ní Ìkòyí, mo sì gba ẹ̀dà tèmi tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ti ìwé ìròyìn, ẹ̀bẹ̀ ni mo lò, nítorí pé òfin ìdáàbòbò dátà (ìsọfúnni nípa ẹni) ti 2023 fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn. N kò ní kí wọ́n yọ ìròyìn náà. Mo ní kí wọ́n fi ìdájọ́ kún un. Olóòtú wọn dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó fi ìpínrọ̀ kan sókè rẹ̀, ó sì yí àkọlé padà.

Ọwọ́ òfin ni mo fi mú àwọn olùwádìí. Abala 34 nínú òfin dátà náà fún mi ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún dátà tí kò pé tàbí tó ń ṣini lọ́nà ṣe, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́ bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe. Mo kọ ọ́ sí wọn pé bí wọn kò bá dáhùn, ọ̀dọ̀ NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, ni mo ń lọ. Wọ́n dáhùn.

Bí mo bá láǹfààní láti tún bẹ̀rẹ̀, n kò ní kúrò ní kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́ láìkọ nọ́ńbà ẹjọ́ sílẹ̀, kí n sì béèrè fún ẹ̀dà kí ọjọ́ 7 náà tó pé. Màá lọ sí ọ̀dọ̀ Legal Aid Council ní Adó kí n tó san owó lẹ́tà fún lọ́yà, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, mi ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Bí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ bá sì béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi rí, rárá ni màá kọ láìṣiyèméjì, torí pé ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ fara balẹ̀ ka ìbéèrè náà, nítorí pé àwọn kan ń béèrè bóyá a ti fẹ̀sùn kàn yín rí, ìyẹn sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Ọ̀nà ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lóòótọ́ yàtọ̀: ìpẹ̀jọ́-kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà, ìdáríjì gómìnà lábẹ́ abala 212 nínú ìwé òfin 1999 sì wà, ṣùgbọ́n n kò gba ibẹ̀ rí.

Ìwé ẹ̀rí ìwà rere tuntun jáde ní oṣù Kẹta 2025, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ti lọ. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i láti oṣù Kọkànlá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní Ìkẹ́rẹ́ gbà mí ní oṣù Karùn-ún, èmi fúnra mi ni mo sì fún wọn ní ẹ̀dà ìdájọ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mẹ́ta ló kù nínú agolo ìyá mi.