Bí a ṣe ń fi kọ́sítíìkì ta ìdàrọ́ irin jí kó lè dì bíi sìmẹ́ńtì

Ìdàrọ́ (pàǹtí tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin) méjì ló wà, ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì. Èyí tó jáde nígbà tí wọ́n ń yọ irin lára òkúta, tí wọ́n fi omi pa lójijì, máa ń rí bíi gíláàsì wẹ́wẹ́. Kì í pẹ́ jí. Òun ni Purdon, onímọ̀ tó ṣèwádìí iṣẹ́ yìí, fi ṣiṣẹ́ ní Belgium ní 1940. Ìdàrọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe sítíìlì ló ni wàhálà: díẹ̀díẹ̀ ló tutù, ó le bí òkúta, kalisíọ́mù ọ́ksáìdì sì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Bí omi bá kan ìyẹn lẹ́yìn tí búlọ́ọ̀kù ti dì, á wú, á la búlọ́ọ̀kù.

Nítorí náà, ẹ fọ́ ìdàrọ́ sítíìlì wẹ́wẹ́, ẹ kó o jọ síta, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i, fún oṣù mélòó kan. Ẹ fi òòfà yọ irin tó kù, torí ó ń jẹ ẹ̀rọ ìlọ̀. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bíi sìmẹ́ńtì.

Fún kílò kan ìyẹ̀fun, ẹ wọn ìdàrọ́ sítíìlì 500 gíráàmù àti ìdàrọ́ tó rí bíi gíláàsì 500 (ti sítíìlì nìkan kì í lágbára tó). Kọ́sítíìkì 42 gíráàmù, sílíkéètì olómi 208, omi 268, yanrìn gbígbẹ kílò 2. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kọ́sítíìkì àti sílíkéètì. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì: sílíkéètì tí mo fi ṣírò ní sílíkà 28 nínú 100 àti sódíọ́mù ọ́ksáìdì 8.5.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Inú omi ni kọ́sítíìkì ń lọ. Bí ẹ bá da omi lé e lórí, á hó ta síni lójú. Báàkẹ́tì oníke ni kí ẹ lò, torí ó ń jẹ alumíníọ́mù. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ da sílíkéètì sí i, ó di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá lò ó ní gbígbóná, ó lè dì mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó dé inú mọ́ọ̀dù.

Ẹ po ìyẹ̀fun méjèèjì, ẹ da omi kọ́sítíìkì àti sílíkéètì náà sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 3, kí yanrìn tó wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ ọ́, ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e pinpin fún ọjọ́ 28: bí afẹ́fẹ́ bá tètè gbẹ ẹ́, á sán wẹ́wẹ́, funfun bí iyọ̀ á sì yọ lára rẹ̀.

Kí ẹ tó rọ búlọ́ọ̀kù kankan, ẹ po díẹ̀ láìsí yanrìn, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí àkàrà sórí gíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí 3. Bó bá ya, tàbí tí etí rẹ̀ ká sókè, ẹ dá ìdàrọ́ náà padà sórí òkìtì. Dídín kọ́sítíìkì kù kò ní wò ó.