Bí Mo Ṣe Ṣètò Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Gáàsì Láì Mọ Iye Tí Wọn Yóò Fà

Gáàsì ni wọ́n ń jó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná orílẹ̀-èdè wa. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ nínú páìpù tó lọ sí ilé iṣẹ́ amúnáwá, àwa tí a wà ní Adó-Èkìtì náà á mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi gbogbo ọkàn ṣe iṣẹ́ yìí: láti ṣètò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ìfúnpá gáàsì sókè nínú páìpù, nígbà tí a ò mọ iye gáàsì tí àwọn oníbàárà yóò fà.

Mo lo GasLib-11, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣe fún ìwádìí: ojú ìwọlé 3 tí gáàsì ń gbà wọlé, ojú ìjáde 3 tí oníbàárà ti ń fà á, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 2. Òfin Weymouth ti ọdún 1912, tó so iye gáàsì tó ń kọjá mọ́ ìfúnpá, ni mo fi ṣírò páìpù. Ẹ ṣọ́ra fún un o: bí gáàsì tó ń kọjá bá di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ láàárín ìfúnpá ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, tí a ti sọ kálukú di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, á di ìlọ́po mẹ́rin.

Mi ò kọ iye kan ṣoṣo fún ojú ìjáde kankan. Iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù ni mo kọ, ìdá 10 nínú 100 lókè àti nísàlẹ̀ iye tí a ń retí.

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo iye tó wà láàárín méjèèjì lẹ fẹ́ dán wò?”

Rárá. Àwọn olùwádìí kan, Vuffray, Misra àti Chertkov, ti fi hàn ní 2015 pé bí ojú ìjáde kan bá fa gáàsì sí i, kò sí ibi tí ìfúnpá yóò ti gòkè. Á wálẹ̀ tàbí kó dúró síbi tó wà. Ohun tó ṣáà yẹ ni pé kí ìfúnpá ojú ìwọlé kan má yí padà, kí ìlọ́po tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fi ń gbé e sókè náà má yẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò méjì péré ti tó. Bí gbogbo wọn bá fa èyí tó pọ̀ jù, ìfúnpá ò gbọ́dọ̀ kéré ju ohun tí oníbàárà nílò lọ. Bí wọ́n bá fa èyí tó kéré jù, kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí páìpù lè gbà lọ. Inú mi dùn gan-an sí ẹwà ọ̀rọ̀ yìí.

Mo kó ìṣirò méjèèjì pọ̀ sínú Pyomo, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ irú ìṣirò yìí, mo sì ní kí Ipopt, èyí tó ń wá ìdáhùn tó dára jù, wá ètò tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fi jó epo tó kéré jù. Ètò tí mo kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú iye tí a ń retí nìkan kò gbówó lórí, àmọ́ ó kùnà nígbà tí mo fi èyí tó pọ̀ jù dán an wò. Tuntun yìí jó epo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò kùnà. Nígbà tí mo sì dín àlàfo lókè àti nísàlẹ̀ náà kù láti ìdá 10 sí ìdá 5 nínú 100, àfikún epo náà wálẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí a náwó sórí mítà tó péye ní ojú ìjáde kọ̀ọ̀kan kí a tó ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mìíràn.