Bí Ara Bá Ń Ro Yín Lẹ́yìn Eré Ìdárayá: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe, àti Ìgbà Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Lọ sí Ọsíbítù

Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ṣe eré ìdárayá gbẹ̀yìn, tó wá lọ lóṣòó nígbà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ Sátidé, tó bá di ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé, itan rẹ̀ á le, àtigun àtẹ̀gùn á sì di ogun. Ìrora náà kì í yọjú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó bẹ̀rẹ̀, á le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, tó bá sì fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kó ti lọ. Àwọn fọ́nrán iṣan ló já wẹ́wẹ́ tí ara ń tún wọn ṣe, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi lè wú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé lactic acid ló ń fà á, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ló ti máa ń kúrò nínú iṣan.

Irú ìrora yìí kì í pààyàn. Àmọ́ àwọn kan wà tó jọ ọ́ tó lè pààyàn, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oògùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ìtọ̀ yín

Bí iṣan bá já kọjá bó ṣe yẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá èròjà tí wọ́n ń pè ní myoglobin, á dà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Rhabdomyolysis làwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Lọ́dún 1941, nígbà tí bọ́ǹbù ń wó ilé lu àwọn ará London, àwọn olùṣèwádìí méjì, Bywaters àti Beall, kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n fà yọ láàyè lábẹ́ àwókù, tí kíndìnrín wọn wá daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Eré ìdárayá àṣejù lè ba iṣan jẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ilé tó wó luni, pàápàá nínú oòrùn, tàbí lára ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Bí àwọ̀ yẹ́lò inú ìtọ̀ bá kàn ki díẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ló dín lára yín. Ẹ mu omi, kẹ́ ẹ tún wò ó. Àmọ́ bó bá dúdú bíi Coca-Cola, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí àìsàn yìí mú ni ìtọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú. Bí ìrora bá ju èyí tẹ́ ẹ mọ̀ lọ fíìfíì, tí apá ò ṣeé gbé, tí ẹ ò lè dìde lórí àga, tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ má dúró de ìtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì

Ara ríro lásán sábà máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wú, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun gbóná tó sì ń dunni, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Bí àyà bá tún ń dunni tàbí tí èémí ń já, ẹ tètè gba ọsíbítù lọ. Bí ibi tó wú bá le gbagidi, tí ọmọ ìka ò mọ nǹkan lára mọ́, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ náà tó bà jẹ́, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹni tó bá sì gbọ́ tí nǹkan dún pọ́ nígbà eré, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí wọ́ ọ kí dókítà tó rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí

Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó gbuurugbu ń jẹ́ kó le sí i. Ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, kẹ́ ẹ gbé e lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bó bá jẹ́ pé ó kàn le ni, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára. Ẹ rọra fi ọwọ́ ra á, ẹ má gún un.

Àgbàlagbà lè lo paracetamol 500 mg méjì, kó fi ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sí àárín, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Diclofenac àti ibuprofen tí kẹ́mísìtì máa ń sáré fúnni lè pa kíndìnrín lára nígbà tí omi bá dín lára. Ẹ fi àgbo ọlọ́tí náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ AS tàbí SS

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS ò ní kẹ́ ẹ má ṣe eré ìdárayá, àmọ́ ẹ fi sùúrù bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa sinmi láàárín. Bó bá ti rẹ̀ yín lójijì tàbí tí iṣan ń sọ nínú eré náà, ẹ dúró, ohun yòówù kí olùkọ́ wí. Ẹni tó jẹ́ SS tí egungun rẹ̀ ń ro, kó tètè pe ọsíbítù tó ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá dé ọsíbítù

Ẹ sọ eré tẹ́ ẹ ṣe, ìgbà tẹ́ ẹ ṣe é, àwọ̀ ìtọ̀ yín àti gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò, àti àgbo. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yẹ CK wò nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá já. Bí wọ́n bá tètè rí i pé rhabdomyolysis ni, omi tí wọ́n máa fà síni lára ni olórí ìtọ́jú rẹ̀.