Wọ́n ti yọ eyín, àmọ́ implant kò tíì ṣe é fi sí: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá

Nọ́ọ̀sì eyín ni mí. Implant ni ìṣó tí wọ́n ń rì sínú egungun àgbọ̀n láti gbé eyín àtọwọ́dá ró. Kí ẹ tó pè mí, ẹ ka èyí ná.

Ọjọ́ kẹta rèé, ó ṣì ń dùn mí.
Ṣé ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀.

Ó ti rọlẹ̀, ó wá tún le, ó ń ta mí dé etí, ẹnu mi sì ń rùn.
Dry socket nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì bo ihò náà ti kúrò, egungun wà ní ìhòòhò. Ṣé ẹ mu sìgá? Ẹ má purọ́ fún mi. Ẹ má ra oògùn apakòkòrò jẹ. Dókítà ni yóò fọ ihò náà, tí yóò fi oògùn dí i.

Nǹkan kan ń gún mi láhọ́n.
Èérún egungun ni. Òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń jáde. Ẹ má fi ẹ̀mú yọ ọ́.

Tí mo bá mu omi, ó ń gba imú jáde.
Eyín ẹ̀yìn lókè ni, àbí? Ó ti lu dé ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ má fun imú. Ẹ lọ rí dókítà lónìí.

Ẹran erìgì ti dí, kò dùn mí. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n ṣì dúró?
Nítorí ẹran kọ́ ni implant ń dì mú, egungun ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ti bo ojú ihò. Egungun a máa gbà tó oṣù 3 sí 6.

Èmi tí mò ń sọ yìí, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n yọ eyín ńlá ìsàlẹ̀ fún mi, ẹran dí wẹ́rẹ́, mo ń yangàn. Ní oṣù kẹrin, X-ray fi ojú dúdú kan hàn níbi tó yẹ kí egungun ti funfun. Wọ́n ní kí n dúró. Ní oṣù kẹfà, dúdú náà kò kúrò. Inú bí mi, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn lọ. Òun náà ní kí n dúró. Bẹ́ẹ̀, láràárọ̀ ni ẹnu mi ń korò lápá ibẹ̀, tí mo ń dá ọṣẹ ìfọyín lẹ́bi. Ká ní aláìsàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni, ǹ bá ti bá a wí!

Àwòrán CT, ìyẹn X-ray tó ń ya egungun láti ìhà gbogbo, ló tú àṣírí: ṣóńṣó gbòǹgbò eyín tó ṣẹ́ kù sínú, kò tó hóró ìrẹsì. X-ray lásán kò rí i, egungun bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n la ibẹ̀, wọ́n ha ẹran rírọ̀ tó gba àyè egungun kúrò, wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú egungun kún un, wọ́n rán an. Oṣù 4 mìíràn kọjá kó tó funfun. Tí ojú ibi tí wọ́n ti yọ eyín bá ń korò láìdùn, ẹ béèrè fún CT, kí wọ́n má kàn ní kí ẹ dúró.

Mò ń lo oògùn fún egungun tó ń fúyẹ́. Ṣé kí n dá a dúró?
Ẹ má dá nǹkan kan dúró fúnra yín. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà *kó tó* yọ eyín, ẹ sì sọ tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ. Tí egungun bá ṣì wà ní gbangba lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ má pè mí mọ́. Oníṣẹ́ abẹ ẹnu ni kí ẹ wá lọ.