Bí ẹ ṣe lè lo láíbírì yunifásítì fún próójẹ́ẹ̀tì yín, kì í ṣe láti chárjì fóònù nìkan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti dé final year, tí súpáfáísọ̀ ti ní kí ẹ lọ mú topic wá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń lọ sí láíbírì, ṣùgbọ́n torí iná ni, torí fáànù, torí ibi tí ẹ máa ti chárjì fóònù, ẹ ó wá jókòó ti handout tí ẹ gbé wá láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ ò ní fọwọ́ kan ìwé kan ṣoṣo lórí ṣẹ́ẹ̀fù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ owó láíbírì wà nínú school fees tí ẹ san. Ẹ ti sanwó ọjà, ẹ ò wá gbé ọjà náà, ẹ tún lọ ń fún àwọn kan lówó ní cybercafé kí wọ́n bá yín "wá material."

Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, ìyẹn Kenneth Dike Library ní UI àti Hezekiah Oluwasanmi Library ní OAU, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá wà, ètò ibẹ̀ ò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Rìsíìtì school fees, káàdì ìdánimọ̀, pásípọ́ọ̀tù, ó tán. Báàgì ò ní wọlé, lẹ́nu ọ̀nà lẹ máa fi í sí, torí náà ẹ yọ owó àti fóònù yín kúrò nínú ẹ̀ kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ó wá kan wíwá ìwé, ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú topic kan. Ká ní ẹ̀ ń kọ nípa bí májèlé saináìdì ṣe ń kúrò lára ẹ̀gẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe gààrí, láti orí kí wọ́n rin ín, kí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n fún omi ẹ̀, kí wọ́n tó yan án. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá ìwé níbẹ̀, tí kò bá sí iná ẹ wò ó bóyá àwọn káàdì inú dúrọ́ọ̀ ṣì wà, ẹ wá cassava, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó jọ SB211.C3, òun ló ń sọ ibi tí ìwé náà wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. S ni iṣẹ́ àgbẹ̀, SB ni ti ohun ọ̀gbìn, 211 ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka nọ́ńbà lásán, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn dot yẹn, desimal ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù. C25 ló máa ṣáájú C3 lórí ṣẹ́ẹ̀fù, kì í ṣe C3 ló máa ṣáájú C25, torí 0.25 kéré sí 0.3. Ẹni tí kò bá mọ èyí á dúró síwájú ìwé tó ń wá, á ní wọ́n ti jí i.

Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ má kàn yọ ẹyọ kan kí ẹ máa lọ. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, torí ìwé tó jọra ni wọ́n tò pọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ gààrí wà o, ti oko wà ní SB, ti ṣíṣe oúnjẹ ní fákìtìrì wà ní TP, ti oúnjẹ inú ilé wà ní TX. Àwọn ará Law, K ni tiyín, ìṣègùn R, ẹ̀kọ́ nípa olùkọ́ L, ìtàn Nàìjíríà DT515, àwa ọmọ Yorùbá sì wà ní PL8821.

Ìwé tí gbogbo kíláàsì ń wá kì í sábà sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ó máa wà ní Reserve, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún èèyàn, ẹ ò sì ní gbé e jáde. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Jọ́nà orí pépà àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wà ní Serials.

Tí topic yín bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ìtàn, ìṣèlú, èdè, ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó ìwé Nàìjíríà àti ti Áfíríkà sí. Ìbàdàn ní ànfààní kan tí ọ̀pọ̀ ò ní: òfin National Library ọdún 1970 ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí National Library, ọ̀kan nínú ẹ̀ ló sì yẹ kó lọ sí láíbírì UI. Inú ọgbà UI yẹn náà ni National Archives wà, ibi tí ìwé àwọn òyìnbó ìjọba àmúnisìn wà, rẹ́kọ́ọ̀dù lóríṣiríṣi. Ìyẹn kì í ṣe ti láíbírì, ẹ gba lẹ́tà ní department yín kí ẹ tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn rí jọ́nà kà, inú ẹ̀ ni Hinari ti ìlera wà, AGORA ti iṣẹ́ àgbẹ̀, OARE ti àyíká, ARDI ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, GOALI ti òfin. Jọ́nà tí wọ́n ń tà ní ọgbọ̀n dọ́là ẹ̀dà kan, ẹ lè rí i kà níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Lọ́wọ́ láíbírì ni password wà, ẹ lọ sí e-library ẹ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé password náà sí WhatsApp group o, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo iléèwé torí ẹnì kan. JSTOR náà wà, ibi tí wọ́n kó jọ́nà lóríṣiríṣi sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iléèwé yín ò bá tiẹ̀ sí lórí ẹ̀, ẹ fi email yín ṣí àkáǹtì, ẹ lè ka tó 100 àpilẹ̀kọ lóṣù lójú ìwé wọn. AJOL ni tèmi o, African Journals Online, jọ́nà àwa ará Áfíríkà ló kún inú ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó ń kọ nípa gààrí tó wá kọ́kọ́ sáré lọ sí Amẹ́ríkà lọ wá ìwé, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ má tẹ gbogbo gbólóhùn topic yín sínú search. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó lẹ́mìí nínú ẹ̀: cassava AND cyanide AND gari, AND ló ń sọ pé kí gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kí ẹ wá rántí pé bí àwa ṣe ń pè é ní ẹ̀gẹ́, gbágùúdá, pákí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè é lóríṣiríṣi níta. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tó ń kọ ní Faransé, manioc ni wọ́n ń kọ, Brazil ń kọ mandioca, àwọn onísáyẹ́ǹsì ń kọ Manihot esculenta, gari fúnra ẹ̀ àwọn kan ń kọ garri. Ẹ fi OR so wọ́n pọ̀ nínú àkámọ́, bíi (cassava OR manioc OR mandioca), kí èyíkéyìí nínú wọn lè jáde, ẹ máa rí i pé ohun tí ẹ ní "kò sí material" lórí ẹ̀, ó pọ̀ ju agbára yín lọ. Tí ọ̀rọ̀ méjì bá gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra, ẹ fi àmì " " yí i ká. Lórí Google, ẹ tẹ site:edu.ng mọ́ ọn, ẹ ó rí tàwọn iléèwé Nàìjíríà nìkan.

Tí ẹ bá rí àpilẹ̀kọ kan tó dáa lórí Google Scholar, ìyẹn Google tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí, ẹ tẹ Cited by tó wà lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹni tó ti lo iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn náà máa jáde. Ẹ tẹ "All versions", PDF ọ̀fẹ́ lè wà níbẹ̀. Kò sí? Ẹ kọ email sí ẹni tó kọ ọ́, inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan ń ka iṣẹ́ wọn.

Ohun tí mo rí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún jù ni àwọn òṣìṣẹ́ láíbírì, bíi pé wọ́n máa nà wọ́n. Èèyàn tó kàwé gboyè nípa bí wọ́n ṣe ń wá ìwé jókòó sídìí Reference desk, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ju ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ lọ bá wọn, ẹ kí wọn dáadáa, "Ẹ káàsán mà, ẹ kúuṣẹ́ mà," kí ẹ wá sọ topic yín, sọ ibi tí ẹ ti wá a dé, sọ ohun tí ẹ rí àti èyí tí ẹ ò rí. Ẹ má lọ sọ pé "ẹ bá mi wá ìwé lórí gààrí," ẹni tó bá sọ báyẹn, ṣẹ́ẹ̀fù ni wọ́n máa nawọ́ sí fún un.

Próójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti lọ wà níbẹ̀ náà. Ẹ kà á láti mọ bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ sì kó orúkọ ìwé tí wọ́n lò lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má dà á kọ, Turnitin wà, ẹ̀rọ tó máa ń tú àṣírí ẹni tó bá dà á kọ.

Kí ẹ sì máa kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà á lọ, kò dìgbà tó bá ku ọ̀la. Zotero tó ń bá èèyàn tọ́jú orúkọ ìwé tó lò, ọ̀fẹ́ ni, ó máa tò ó fún yín bí APA, ìlànà kíkọ orúkọ ìwé, ṣe fẹ́ ẹ. AI tí ẹ ń bi léèrè yẹn máa ń hùmọ̀ àpilẹ̀kọ tí kò sí, pẹ̀lú orúkọ èèyàn àti ọdún, torí náà èyí tí ẹ ò bá rí fúnra yín nínú láíbírì tàbí lórí AJOL, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti submit, ẹ dá gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín padà, kí wọ́n fagi lé e níṣojú yín. Fọ́ọ̀mù clearance máa gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kí ẹ tó gba sátífíkéètì, tí ìwé kan bá sì ti sọnù, ẹ lọ sọ fún wọn nísinsìnyí, ẹ béèrè bóyá irú ẹ̀ lẹ máa rà tàbí owó lẹ máa san.