Bí a ṣe ń jiyàn owó kílọ́ọ̀bù láì ra mọ́ọ̀tì fún ẹni tó na wá

Ọkun o, gbogbo ilé. Ìbẹ̀rẹ̀ February 2023 ni mo ra mọ́ọ̀tì méjì fún ẹni tí mi ò jẹ ní gbèsè, nílé ìwòran tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kabba níbí, torí pé ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Chelsea ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Enzo Fernandez lọ́wọ́ Benfica ni, nǹkan bíi mílíọ̀nù 107 pọ́ọ̀n, èmi ọmọ Arsenal bá dìde, mo ní ó ti parí fún wọn, ẹni kan ṣoṣo kó gbogbo owó yẹn, òfin Premier League lórí iye tí kílọ́ọ̀bù lè pàdánù ò lè gbà á láéláé, tí ẹ bá rò pé irọ́ ni ẹ ta mọ́ọ̀tì méjì. Bọ̀dá kan tó ń ta pátì ọ̀kadà gbà. Wọn ò pariwo o. Wọ́n ya etí páálí Indomie kan, wọ́n yọ báírò létí, wọ́n kọ 107, wọ́n fi 8 àbọ̀ pín in, wọ́n gbé e sí mi níwájú. "Àbúrò, ọdún mélòó lọmọ yẹn fọwọ́ sí?"

Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mọ́ọ̀tì ti lọ.

Látìgbà yẹn mo ti kọ́ díẹ̀, ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo "àwọn èèyàn wa ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe!" láàárọ̀ Sátidé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lè fi hàn.

Tí wọ́n bá ti pe iye tí wọ́n ra ẹnì kan, ẹ bèèrè ọdún tó fọwọ́ sí. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ra ọ̀kadà ní mílíọ̀nù kan náírà, ẹ mọ̀ pé ọdún 5 ló máa sìn yín kó tó di irin. Akáúńtáǹtì á kọ ọ́ pé 200,000 lẹ ná lọ́dún kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ kówó kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá tà á lẹ́yìn ọdún 2 ní 700,000, nínú ìwé 600,000 ló kù lórí ẹ̀, torí náà ẹ jèrè 100,000, àwọn tó jókòó tì yín á máa ṣàánú yín pé ẹ pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń kọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Enzo yẹn, ọdún 8 àbọ̀ ló fọwọ́ sí, bíi mílíọ̀nù 12.6 ló ń jẹ́ lọ́dún kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní kọ́ńtíráàtì tó gùn bí ojú irin. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti dí ihò yẹn lọ́dún 2023 kan náà, Premier League tẹ̀ lé wọn lóṣù December, ọdún 5 péré lẹ lè pín owó sí báyìí bí ọmọ náà tiẹ̀ fọwọ́ sí 9. Nítorí náà tẹ́nì kan bá tún ń fi Enzo ṣàpẹẹrẹ fún ẹni tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá, ẹ tọ́ ọ sọ́nà jẹ́ẹ́jẹ́.

Owó títà ò rí bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn kì í pín, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń wọlé sínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n bá sì tọ́ ní akádẹ́mì, wọn ò rà á, torí náà gbogbo iye tí wọ́n bá tà á, èrè ni. Ìdí nìyẹn tí Arsenal fi lè ta Alex Iwobi wa fún Everton lọ́dún 2019 tí ọ̀gá oníṣirò wọn á máa rẹ́rìn-ín, tí Chelsea náà sì ta Mason Mount fún Man United ní mílíọ̀nù 55 lọ́dún 2023. Ẹ̀yin ń sunkún pé wọ́n ta ọmọ ilé, ọmọ ilé gan-an ni òfin yẹn ń tì wọ́n láti tà. Mo rò pé òfin burúkú ni, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e ka àwọn tó ń ta ọmọ lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó dùn mí jù. Iye tí wọ́n ra èèyàn, gbogbo ayé ló máa ń gbọ́. Owó tó ń gbà lọ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pariwo ẹ̀, òun ló sì ń pa kílọ́ọ̀bù. Ẹ rántí Alexis Sanchez, January 2018, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Mkhitaryan, Man United ò san kọ́bọ̀ fún Arsenal, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jó kiri pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Góòlù 5 ló gbá wọlé nínú eré 45, owó oṣù ẹ̀ ga débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ Inter ló kó o lọ láì san nǹkan kan. Kí n tó fi wọ́n ṣẹ̀sín tán, tiwa náà ńkọ́? Nicolas Pépé, mílíọ̀nù 72 lọ́dún 2019, 2023 wọ́n fagi lé kọ́ńtíráàtì ó bá tiẹ̀ lọ, Arsenal ò rí pọ́ọ̀n kan gbà lórí ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ rà lówó gọbọi tó sì ṣeé tà, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tí owó oṣù ẹ̀ ti so mọ́ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ máa fi mọ ọ̀gá tí ò mọṣẹ́. Torí náà ẹ bèèrè ìbéèrè méjì péré: èló ló ń gbà, ta ló máa rà á lọ́wọ́ wa tó bá fi ọdún kan burú?

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló rà á? Àwa níbí, kóòṣì la máa ń bú fún gbogbo nǹkan, bí ẹni tó ń bú awakọ̀ pé ojú ọ̀nà Kabba sí Ìsánlú ò dáa. Kóòṣì lè bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ lágbájá, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń dúnàádúrà, ẹlòmíì ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ wá orúkọ ẹni yẹn, kẹ́ ẹ wo ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ. Man United lọ́dún 2024, July ni wọ́n sún kọ́ńtíráàtì kóòṣì wọn, Ten Hag, síwájú, October wọ́n lé e. Dan Ashworth, ọ̀gá ètò bọ́ọ̀lù tí wọ́n torí ẹ̀ bá Newcastle fa ọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan, July ló wọlé, December ó ti jáde. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan nínú èyí o, owó ìgbàwọlé àti owó ìlélọ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ọ́fíìsì ò mọṣẹ́, irú ẹ̀rí yìí ni kẹ́ ẹ gbé jáde, kò sẹ́ni tó máa rí èsì fún yín.

Déètì náà ṣe pàtàkì. Gbogbo ọmọ Liverpool máa ń sọ pé owó Coutinho ni wọ́n fi ra Van Dijk. Ẹ wò ó dáadáa, December 2017 ni wọ́n ti kéde Van Dijk, mílíọ̀nù 75, January 2018 ni Coutinho tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ Barcelona, owó tó lè tó mílíọ̀nù 142. Wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ná kí tọ̀hún tó wọlé. Lójú tèmi ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n, ó ju ti pé wọ́n rówó lọ.

Nottingham Forest wá ṣe òdìkejì. 30 June ni ìwé ọdún wọn máa ń parí. Wọ́n ní ọmọ kan tó ṣeé tà, Brennan Johnson, wọ́n dì í mú títí di 1 September kí owó lè gun, Tottenham san mílíọ̀nù 47.5. Owó dé, ọjọ́ ti lọ. Àdánù wọn kọjá iye tí òfin gbà, March 2024 wọ́n yọ pọ́ìntì 4 lára wọn. Ẹni tó bá ní oko kajú nílùú wa mọ èyí: ẹ di kajú mú pé kí iye lọ sókè, ó sì lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti pé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mi ò lè pè wọ́n ní òmùgọ̀ pátápátá, èmi náà á dì í mú. Everton ni mi ò ní gbà sílẹ̀, àdánù mílíọ̀nù 105 lọ́dún mẹ́ta ni òfin gbà nígbà náà, wọ́n kọjá ẹ̀, wọ́n yọ pọ́ìntì 10 lára wọn, wọ́n dá 4 padà, April wọ́n tún yọ 2.

Níbo lẹ ti máa rí gbogbo ẹ̀? Kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé owó wọn lọ sí Companies House lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ lẹ máa wà á jáde sórí fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó tó wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ẹ ṣe é nílé o, torí nílé ìwòran tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì jí, ariwo ibẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ríran.

Kẹ́ ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ ọ́. Ẹ má ní "ẹ̀ ń parọ́", ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ọdún mélòó ló fọwọ́ sí?" Èmi fi í dán bọ̀dá onípátì yẹn wò lóṣù tó kọjá, lórí ẹnì kan tí Chelsea wọn rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún 7, wọ́n sì pe owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn kí n tó bèèrè. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Pépé yín ńkọ́, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, tòun towó oṣù, èló?"

Mo pe ọmọ tó ń ta mọ́ọ̀tì.